ABẸ́RẸ́ ATỌPASẸ̀: BÍ A ṢE Ń WỌN IṢẸ́ KÍNDÌNRÍN



Ó dá mi lójú pé àwọn kan nínú yín ti wo àkọlé ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n sì ti bi ara wọn léèrè pé kí ni olùkọ́ lítíréṣọ̀ mọ̀ nípa kíndìnrín. Ìbéèrè náà tọ́. Èmi kì í ṣe oníṣègùn, bẹ́ẹ̀ ni n kò kọ́ físíìsì kọjá ti ilé ẹ̀kọ́ girama. Ohun méjì ni ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Èkínní ni pé wọ́n ti gún èmi fúnra mi ní abẹ́rẹ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Èkejì ni pé nígbà tí mo délé, tí mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe fún mi fún ìyá mi, èmi tí mo ń fi Yorùbá jẹun kò rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi sọ ọ́.

Ní ọdún 2014, kíndìnrín àbúrò mi ọkùnrin tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wá, ẹ̀jẹ̀ wa sì bára mu, mo bá ní n óò fún un ní ọ̀kan nínú méjì tèmi. Ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ gba ẹ̀jẹ̀ lára mi, wọ́n ṣírò, wọ́n ní kíndìnrín mi ń sẹ́ mìlílítà 93 láàrin ìṣẹ́jú kan. Inú gbogbo wa dùn. Àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá ní ó ku àyẹ̀wò kan, pé àwọn kì í gba kíndìnrín lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìṣe é. Abẹ́rẹ́ náà nìyẹn. Nígbà tí èsì rẹ̀ dé, 74 ni ó wà níbẹ̀. Kò tó iye tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó wà ní ọjọ́ orí mi nígbà náà. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Ara kan náà ni, kíndìnrín kan náà ni, kò sì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó wà láàrin àyẹ̀wò méjèèjì. Báwo ni 93 ṣe di 74? Ìbéèrè tí a óò gbìyànjú láti dáhùn lónìí nìyí.

Asẹ́ inú ara

Kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún pe ẹ̀yà ara yìí ní iwe nínú òfin ẹbọ tí ó wà nínú ìwé Léfítíkù. Ẹni tí ó bá dé ọjà lónìí tí ó béèrè iwe, ti adìyẹ ni wọn yóò gbé fún un, èyí tí adìyẹ fi ń lọ oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ a máa ṣí kúrò ní ibùgbé rẹ̀ báyìí. Kíndìnrín ni gbogbo ènìyàn ń pè é nísinsìnyí, òun náà ni a óò lò.

Méjì ni wọ́n, wọ́n fara ti ẹ̀yìn lábẹ́ egungun ìhà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì ju bí ìkúùkù ènìyàn lọ. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, asẹ́ kéékèèké tí ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ni ó wà. Ẹni tí ó bá ti wo obìnrin tí ń sẹ́ ògì rí yóò tètè lóye iṣẹ́ wọn. A da àgbàdo lílọ̀ sórí asẹ́ aláṣọ, omi àti ògì kíkúnná jò sísàlẹ̀, eèrí dúró sókè. Nínú kíndìnrín, ẹ̀jẹ̀ ni a dà sórí asẹ́. Omi, iyọ̀, ṣúgà àti ìdọ̀tí ara tí ó kéré ń jò. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àti púrótéènì, tí wọ́n tóbi ju ojú asẹ́ lọ, dúró sókè.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àfiwé yìí dé dúró. Obìnrin tí ń sẹ́ ògì kì í tún kó ohun tí ó ti jò padà sókè. Kíndìnrín ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nǹkan bíi 180 lítà ni ó ń jò kọjá àwọn asẹ́ wọ̀nyí láàrin ọ̀sán kan àti òru kan, bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ tí a ń tọ̀ kì í sábà ju lítà kan ààbọ̀ tàbí méjì lọ. Ìyókù ni kíndìnrín tún ń kó padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ó kó gbogbo ẹrù ilé rẹ̀ síta ní òwúrọ̀, tí ó wá ń ṣa èyí tí ó wù ú padà wọlé, tí ó sì fi pàǹtírí sílẹ̀ lóde. Ọgbọ́n náà jinlẹ̀: kò sí ìdí fún un láti dá ìdọ̀tí kọ̀ọ̀kan mọ̀ kí ó tó lé e jáde, ohun tí ó wúlò nìkan ni ó ní láti dá mọ̀.

Iye tí ó ń jò kọjá asẹ́ láàrin ìṣẹ́jú kan ni àwọn oníṣègùn fi ń mọ bí kíndìnrín ti lágbára tó. Ìwọ̀n sísẹ́ ni n óò máa pè é. Lára ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, ó sábà máa ń wà láàrin mìlílítà 100 sí 130. Bí ọjọ́ orí ti ń gòkè ni òun ń sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá wálẹ̀ kọjá 15, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀rọ tàbí ti pípààrọ̀ kíndìnrín. Èyí tí ó burú níbẹ̀ ni pé kíndìnrín kì í ké. Ẹni tí ìdajì agbára tirẹ̀ ti lọ lè máa jẹ, kí ó máa mu, kí ó máa jó níbi ìnáwó, láìmọ ohun kan. Àìsàn mìíràn a máa fi ìrora ránṣẹ́ síwájú; èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àfi kí a wọ̀n ọ́n.

Fífojúdíwọ̀n

Báwo ni a óò ṣe wọn omi tí ń jò kọjá mílíọ̀nù asẹ́ tí ojú kò lè rí? Ọ̀nà tí ó rọrùn, tí kò sì wọ́n, ni láti wo ìdọ̀tí kan tí ń jẹ́ creatinine nínú ẹ̀jẹ̀. Inú iṣan ara ni ó ti ń wá, lójoojúmọ́, kíndìnrín ni ó sì ń kó o dànù. Bí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tí ń kó o dànù ti ń rẹ̀wẹ̀sì.

Ọgbọ́n yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù. Ó dà bí ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn agbálẹ̀ àdúgbò ń ṣiṣẹ́, tí ó wá lọ wo bí ààtàn ti ga tó. Gíga ààtàn kò sinmi lórí agbálẹ̀ nìkan. Ó tún sinmi lórí iye ènìyàn tí ń da ilẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń gbé irin, tí iṣan rẹ̀ kún, yóò ní creatinine púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bí kíndìnrín rẹ̀ tilẹ̀ le koko. Ìyá arúgbó tí ó ti rù kan eegun kò ní ní púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò dà bíi pé ó mọ́, bẹ́ẹ̀ kíndìnrín rẹ̀ ti lè dá ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn èyí, creatinine kì í gba asẹ́ nìkan jáde, ó tún máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọ inú ìtọ̀.

Láti tún èyí ṣe, àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ọjọ́ orí kún un, wọ́n fi akọ tàbí abo kún un, nígbà tí ó sì di ọdún 1999 ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n fi àwọ̀ ara kún un. Ìlànà tí wọ́n ń pè ní MDRD ni. Ara àwọn aláìsàn 1,628 ni wọ́n ti fa á yọ. Wọ́n rí i nínú iṣẹ́ náà pé àwọn ènìyàn dúdú tí ìwọ̀n sísẹ́ wọn bá ti ènìyàn funfun dọ́gba ní creatinine tí ó pọ̀ díẹ̀ sí i. Wọ́n bá pinnu pé kí a máa sọ èsì ènìyàn dúdú di ìlọ́po 1.18. Ìlànà CKD-EPI tí ó rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2009 sọ ọ́ di 1.159. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé iṣan ènìyàn dúdú ni ó pọ̀ jù. Ìwọ̀n iṣan kankan kò sí nínú ìlànà náà. Àpótí kékeré kan lórí ìwé ni ó wà, tí ènìyàn yóò fi àmì sí.

Èmi náà fi àmì síbẹ̀. Iye tí ẹ̀jẹ̀ mi sọ ni 80, ìlọ́po 1.159 ni ó sọ ọ́ di 93. Mìlílítà mẹ́tàlá tí wọ́n fi kún un kò ti inú kíndìnrín mi wá. Inú àpótí ni ó ti wá.

N óò yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà níbí, nítorí iṣẹ́ mi ni ọ̀rọ̀ wíwò. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé nígbà tí a bá ní lágbájá dúdú, ohun tí a ń sọ ni pé kì í ṣe pupa. Ẹni pupa ni ìyá mi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń júwe rẹ̀ ní àdúgbò láti kékeré. Baba mi dúdú. Nínú àpótí yẹn, dúdú ni àwọn méjèèjì, pẹ̀lú ọmọ ilẹ̀ Sòmálíà àti ọmọ Jàmáíkà tí ìyá ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó. Ọ̀rọ̀ tí ń dá ojú mọ̀ ní ìlú kan ti di iye ìlọ́po ní ìlú mìíràn. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Kò sí ẹni tí ó ti ara ìkòkò mọ bí ẹ̀kọ inú rẹ̀ ti pọ̀ tó.

Atọpasẹ̀

Ọ̀nà kejì yàtọ̀ láti ìpìlẹ̀. Kò wo ohun tí ara ń dá ṣe. Ó mú nǹkan tirẹ̀ wá, tí ó mọ iye rẹ̀, ó fi í sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì jókòó ti ẹnu ọ̀nà láti wo bí ó ti ń jáde.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìdí ìkòkò aró. Ká ní a bá ìkòkò ńlá kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tí omi wà nínú rẹ̀, tí a kò sì mọ bí ó ti jìn tó. A fẹ́ mọ iye omi náà láìgbọ́n ọn. A óò wọn aró tí a mọ iye rẹ̀, a óò dà á sínú omi, a óò rò ó pọ̀, a óò wá bu ṣíbí kan wò. Bí ó bá dúdú dáadáa, omi kò pọ̀. Bí ó bá ṣá, omi pọ̀. Ká wá ní ihò kékeré kan wà nídìí ìkòkò náà tí omi aláró ń gbà jò, tí ẹnì kan sì ń da omi tí kò ní aró sí i lókè kí ìkòkò má bàa gbẹ. Àwọ̀ aró yóò máa ṣá díẹ̀díẹ̀. Bí ihò bá tóbi, yóò tètè ṣá. Bí ihò bá há, yóò pẹ́. Ẹni tí ó bá mọ iye omi inú ìkòkò, tí ó sì mọ bí aró ṣe ń yára ṣá tó, ti mọ iye omi tí ń gba inú ihò kọjá ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, bí kò tilẹ̀ fojú kan ihò náà láyé.

Gbogbo àyẹ̀wò náà nìyẹn. Ìyókù ni ti irú aró tí a óò lò. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí ara ń ṣe. Ó gbọdọ̀ lè gba ojú asẹ́ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Kíndìnrín kò gbọdọ̀ kó o padà, kò sì gbọdọ̀ ti ẹ̀gbẹ́ fi kún un. Homer Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọdún 1930: inulin, tí a ń rí nínú gbòǹgbò àwọn ewéko kan. Títí di òní, inulin ni a fi ń dán àwọn yòókù wò. Ìnira ibẹ̀ ni pé ènìyàn yóò dùbúlẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, wọn yóò máa jẹ́ kí inulin kán sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, wọn yóò máa gba ìtọ̀ rẹ̀ jọ, wọn yóò sì wá jìjàkadì pẹ̀lú kẹ́mísírì láti mọ iye tí ó wà nínú rẹ̀. Ta ni yóò ṣe èyí fún ogún ènìyàn lọ́sẹ̀?

Ohun onítànṣán ni ó yanjú ìyẹn. Ohun onítànṣán ni ohun tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ kò fara balẹ̀, tí ó ń tú agbára inú rẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí ìtànṣán tí ojú kò rí, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ lè kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin tí ó kọ́kọ́ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tọpasẹ̀ ni George de Hevesy, ẹni tí a bí ní Budapest ní 1885. Wọ́n máa ń sọ ìtàn kan nípa rẹ̀, pé ní nǹkan bí ọdún 1911, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Ernest Rutherford ní Manchester, ó fura pé ìyálé tí ó ń bọ́ àwọn ayálégbé ń kó àjẹkù wọn padà wá síwájú wọn. Obìnrin náà sẹ́. Hevesy bá rọra bu ohun onítànṣán díẹ̀ sí àjẹkù inú àwo rẹ̀. Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sídìí oúnjẹ tí obìnrin náà pè ní tuntun, ẹ̀rọ sì jẹ́rìí. Àwọn tí wọ́n gbọ́ àlọ́ nígbà èwe mọ irú ọgbọ́n yìí: àpò eérú tí a dá ihò sí, tí eérú ń jò lójú ọ̀nà títí a fi dé ibi tí olè ń kó ẹrù pamọ́ sí. Ní 1923 Hevesy lo ọ̀nà kan náà láti wo bí lẹ́ẹ̀dì ṣe ń ti gbòǹgbò ẹ̀wà lọ sí ara rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1943 lórí kẹ́mísírì. Láti inú ìtàn yìí ni mo ti fa orúkọ yọ: atọpasẹ̀ ni mo pè é.

Ní àwọn ọdún 1960 ni àwọn oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ sí í lo EDTA tí wọ́n so mọ́ chromium-51 fún kíndìnrín, ó sì di ti gbogbo ènìyàn ní Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Amẹ́ríkà, iothalamate tí ó ní iodine-125 lára ni wọ́n sábà ń lò. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nísinsìnyí ni DTPA tí a so mọ́ technetium-99m, òun náà ni wọ́n fún mi. Technetium wù mí láti gbọ́ ìtàn rẹ̀. Òun ni ohun ìpilẹ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kí a tó rí i ní ibikíbi. Palermo ní ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti dá a mọ̀ ní 1937, orúkọ tí wọ́n sì fún un láti inú èdè Gíríìkì kò túmọ̀ sí nǹkan mìíràn ju àtọwọ́dá lọ.

Bí wọ́n ṣe ṣe tèmi nìyí. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ tí oògùn wà nínú rẹ̀ sórí ìwọ̀n kí wọ́n tó gún mi, wọ́n tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí wọ́n gún mi tán, kí wọ́n lè mọ iye tí ó wọ ara mi gan-an. Apá òsì ni wọ́n gún. Ní wákàtí kejì, ìkẹta àti ìkẹrin, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti apá ọ̀tún, nítorí pé bí èyí tí ó kù lójú abẹ́rẹ́ bá dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà, ìṣirò ti bàjẹ́. Láàrin ìgbà náà, mo ka ìwé, mo mu omi, mo tọ̀. Kò sí ohun tí ó dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ tí kì í ṣe tèmi ṣírò rẹ̀. Ká ní nínú mìlílítà kan omi ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ ka 1,000 ní wákàtí kejì, 700 ní wákàtí kẹta, 490 ní wákàtí kẹrin. Méje nínú mẹ́wàá ni ó ń ṣẹ́kù ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi ìwọ̀n yìí kà padà sẹ́yìn dé ìgbà tí abẹ́rẹ́ wọlé, iye tí ì bá wà níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 2,040. A mọ iye gbogbo tí a gún sí ara. Bí a bá fi 2,040 pín in tí ó sì fún wa ní 16,000, a jẹ́ pé mìlílítà 16,000, èyí tí í ṣe lítà 16, ni omi ara tí atọpasẹ̀ tàn ká. Èyí ni ìkòkò wa. Láti 1,000 sí 700 nínú wákàtí kan túmọ̀ sí pé ó dín díẹ̀ ní mẹ́fà nínú ẹgbẹ̀rún tí ń jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi èyí mú 16,000, ẹ óò rí nǹkan bíi 95. Ìwọ̀n sísẹ́ nìyẹn. Ó ku àtúnṣe kan: kí atọpasẹ̀ tó tàn ká ara tán ó ti kọ́kọ́ ń yára dín kù nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ kíkà ní wákàtí kejì kò rí ìyẹn. Brøchner-Mortensen ti ilẹ̀ Denmark ṣe ìlànà kan ní 1972 tí ń yọ àṣìṣe náà. 95 wa yóò bọ́ sí nǹkan bíi 83.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni gbàngbà ń fẹ́ kíndìnrín tí ó ń sẹ́ púpọ̀ ju ti ẹni kékeré lọ, nítorí náà wọ́n máa ń ṣírò èsì gbogbo ènìyàn bíi pé awọ ara wọn fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 1.73. Níbo ni wọ́n ti rí 1.73? Ara àwọn ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1920 ni. Wọ́n ti sanra sí i láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n náà kò yí padà.

Ẹ̀rù ìtànṣán

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìtànṣán ń dẹ́rù ba ènìyàn, ó sì yẹ kí ó dẹ́rù bani níbi tí ó bá pọ̀. Inú ilẹ̀, ojú ọ̀run àti oúnjẹ wa pàápàá ń fún wa ní díẹ̀ lójoojúmọ́. Iye tí àyẹ̀wò yìí ń fi kún un kò tó èyí tí a ń gbà láìmọ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Technetium-99m kì í sì pẹ́: láàrin wákàtí mẹ́fà, ìdajì rẹ̀ ti kú, láàrin wákàtí mẹ́fà mìíràn, ìdajì ìyókù. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ni yóò kù, bí ènìyàn kò bá tilẹ̀ tọ̀ rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan dá a lábàá pé kí a máa pe wákàtí mẹ́fà yìí ní ààbọ̀ ayé. N kò fara mọ́ ọn. Ohun tí ó bá ti lo ààbọ̀ ayé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì yẹ kí ó ti kú, èyí kì í sì í kú tán bẹ́ẹ̀. Ìgbà ìsọdààbọ̀ tẹ́ mi lọ́rùn jù.

Àbùkù gidi tí àyẹ̀wò yìí ní kò sí nínú ìtànṣán. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣì tí oògùn sì jò sínú ẹran, èsì ti di irọ́. Bí ara ẹni bá wú, tàbí tí omi wà nínú ikùn rẹ̀, atọpasẹ̀ yóò sá wọ inú omi náà, yóò sì dà bíi pé kíndìnrín ni ó kó o jáde. Lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an, wákàtí mẹ́rin kò tó.

Ẹ̀rí tí atọpasẹ̀ jẹ́

A lè wá padà sórí àpótí yẹn. Nígbà tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìfojúdíwọ̀n kan tọ̀nà, ìwọ̀n gidi ni a óò gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìlànà MDRD fúnra rẹ̀, ara iothalamate onítànṣán ni wọ́n ti fà á yọ. Ní ọdún 2008, àwọn oníṣègùn ní South Africa tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn lórí ọgọ́rùn-ún ènìyàn dúdú tí wọ́n gún ní chromium-51 EDTA. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìlànà Amẹ́ríkà náà súnmọ́ òtítọ́ nígbà tí a bá yọ ìlọ́po àwọ̀ kúrò ju ìgbà tí a bá fi í sí i lọ. Ní 2019, irú ẹ̀rí kan náà jáde láti Kinshasa àti Abidjan, níbi tí wọ́n ti lo iohexol, tí kò ní ìtànṣán nínú. Àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n wà nílé kò bá ìlọ́po tí wọ́n ṣe nítorí ènìyàn dúdú mu.

Kò jẹ́ ọ̀ràn ìwé lásán. Ní Amẹ́ríkà, aláìsàn kò lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ lórí ìwé àwọn tí ń dúró de kíndìnrín àfi tí ìwọ̀n sísẹ́ rẹ̀ bá ti wálẹ̀ dé 20, tàbí tí ó bá ti wà lórí ẹ̀rọ. Ẹni funfun tí tirẹ̀ jẹ́ 18 ti wọlé. Ẹni dúdú tí tirẹ̀ jẹ́ 18, ìlọ́po 1.159 sọ ọ́ di nǹkan bíi 21, wọ́n ní ara rẹ̀ ṣì le, kí ó padà lọ. Ní 2021, àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ kíndìnrín ilẹ̀ náà ní kí a yọ àwọ̀ kúrò nínú ìṣirò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà yọ ọ́ ní ọdún kan náà. Ní 2022, wọ́n fòfin de ìlọ́po náà nínú ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ kíndìnrín ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ó sì di 2023, wọ́n pàṣẹ pé kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan wá ìwé àwọn aláìsàn dúdú rí, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí ó ti sọnù padà fún wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n dá ọjọ́ padà fún. Àwọn tí wọ́n ti kú kí ọdún náà tó dé kò sí nínú ìṣirò.

Ìyàtọ̀ kan wà o, n kò sọ pé kò sí. Ní 2010, wọ́n rí ẹ̀yà apilẹ̀ àjogúnbá APOL1 kan tí ń gba ènìyàn lọ́wọ́ àrùn oorun, ṣùgbọ́n tí ó ń mú kí kíndìnrín ẹni tí ó jogún rẹ̀ lọ́wọ́ baba àti ìyá tètè bàjẹ́. Ó wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láàrin àwa Yorùbá pẹ̀lú. Ohun tí ìyẹn ń béèrè ni pé kí a tètè wọn kíndìnrín wa, kí a má ṣe fi mìlílítà tí kò sí kún un.

Ní ilẹ̀ wa, láti ọdún 2006 ni ẹ̀ka ìṣègùn onítànṣán ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní UCH, Ìbàdàn. Ìṣòro technetium ni pé ẹrù rẹ̀ ń dín kù lójú ọ̀nà. Inú molybdenum-99 ni a ti ń rí i, ìgbà ìsọdààbọ̀ tirẹ̀ sì jẹ́ wákàtí 66. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá pẹ́, bí àwọn aṣọ́bodè bá dá ẹrù dúró láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Ajé, ìdajì ohun tí ilé ìwòsàn sanwó rẹ̀ ti ṣòfò nínú páálí. Àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ pàápàá jẹ nínú ìyà náà ní oṣù karùn-ún ọdún 2009, nígbà tí ẹ̀rọ átọ́ọ̀mù Chalk River ní Kánádà dáwọ́ dúró fún ọdún kan àti oṣù mẹ́ta, tí ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò fi di ìdádúró káàkiri ayé. Iohexol kò ní irú ìṣòro yìí, ó lè dúró nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ní èrò tèmi, òun ni ó yẹ kí àwọn ilé ìwòsàn wa tí kò ní ẹ̀rọ ìtànṣán kọ́kọ́ wò, pàápàá fún ẹni tí ó fẹ́ fi kíndìnrín rẹ̀ ta ẹbí lọ́rẹ. Láti ọdún 2000 tí wọ́n ti ṣe pípààrọ̀ kíndìnrín àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti ń fún ara wọn. Ẹni tí a bá sọ fún pé tirẹ̀ jẹ́ 93 nígbà tí ó jẹ́ 74, tí a sì yọ ọ̀kan, ìdajì èyí tí kò tó ni a fi sílẹ̀ fún un láti fi darúgbó.

Àbúrò mi rí kíndìnrín gbà ní 2017 lọ́wọ́ ẹni tí ó ti kú, tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́. Méjèèjì tèmi ṣì wà lára mi, mo sì ń lọ wọ̀n wọ́n lọ́dọọdún.

Ní ti ìyá mi, mo padà rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo ní wọ́n rán ẹnì kan wọ inú ẹ̀jẹ̀ mi, ẹni tí kò lè fara pamọ́, kí wọ́n lè máa ṣọ́ bí yóò ṣe rí ọ̀nà jáde. Bí ó ṣe yára jáde tó ni wọ́n fi mọ bí ẹnu ọ̀nà ti fẹ̀ tó. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wo apá mi òsì.

"Àjàní, ẹni tí wọ́n rán wọlé náà ńkọ́, ṣé ó ti jáde tán?"

Mo ní, "Ó ti jáde, màmá. Láti ọjọ́ kejì ni."